Láti Chesham dé Rickmansworth lẹ́sẹ̀: bí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ṣe rí ọ̀nà náà

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ gba ìdájọ́ mi ná, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka nǹkan dé ìsàlẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chess Valley Walk, èyí tó bá odò Chess rìn láti Chesham ní Buckinghamshire títí dé Rickmansworth ní Hertfordshire, dára. Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, 8 nínú 10 ni. Máìlì 10 ni gígùn rẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 16, kò sì sí ẹni tó ń gba owó lójú ọ̀nà. Chesham ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń ti Rickmansworth bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi ò rí ìdí tí ènìyàn á fi máa gòkè nígbà tí odò fúnra rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí, apá Harrow ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìdí mi kì í kúrò lórí àga. Nígbà tí dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, tó ní kí n máa rìn, ìyàwó mi ló sọ ọ̀rọ̀ náà di òfin nínú ilé. Pápá tó wà nítòsí wa la kọ́kọ́ ń yí po, ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà máa yí igi kan náà po láràárọ̀, ó sú mi. Bó ṣe di pé à ń wá ọ̀nà gígùn nìyẹn. Ojú awakọ̀ ni mo sì fi ń wo ọ̀nà ẹsẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí àmì rẹ̀ ṣe rí, ibi tí èrò ti lè dúró sinmi, ibi tí a ti lè tọ̀, àti ibi tí a ti lè já kúrò bí ara bá kọ̀. Ọ̀nà tó bá dára títí, tí kò ní ibi tí ènìyàn ti lè já kúrò, mi ò ní mú àgbà lọ síbẹ̀.

Àgbà tí mò ń sọ yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí à ń ṣe, ó bá wa wí: "Bàbá Ìbejì, ẹ ń wọ tréènì lọ rìn nínú oko? Kí ni wọ́n rán wa lọ sílé ẹ̀kọ́ fún nígbà náà? Ṣé kì í ṣe kí a má baà rìn lọ sóko mọ́ ni?" Freedom Pass, káàdì tí àgbàlagbà Lọ́ńdọ̀nù fi ń wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ló jẹ́ kó bá wa lọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe owó òun, òun á wo ohun tó wà níbẹ̀. Ní báyìí, òun ló ń pe fóònù wa pé ìgbà wo là ń padà lọ.

Ọkọ̀ ojú irin gan-an ni orí ọ̀rọ̀. Metropolitan line, tí àwa ará Harrow àti Wembley mọ̀ bí ẹni mowó, ló ń gbé ènìyàn lọ sí Chesham, òun náà ló sì ń gbé e padà láti Rickmansworth. Kò sí pé ẹnìkan ń wá ibi tí yóò páàkì sí, kò sí pé ó tún ń padà lọ gbé mọ́tò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Oyster, káàdì tí a fi ń san owó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí káàdì báǹkì lásán ti tó. Chesham wà ní sóònù 9, Rickmansworth wà ní sóònù 7. Láti Chalfont & Latimer lọ sí Chesham, ojú irin kan ṣoṣo ló wà, ọkọ̀ kan ò lè pàdé èkejì níbẹ̀. Kìlómítà 6.26 ni, nínú gbogbo Underground, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ibùdókọ̀ méjì mìíràn tó tẹ̀lé ara wọn tó jìn síra tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1889 ni wọ́n ṣí i. Ẹ má sùn níbẹ̀ o, ẹ wo ojú fèrèsé: àfonífojì tí ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ni ẹ ń wò yẹn.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè ni wọ́n sábà máa ń ti ojú irin láti tún un ṣe, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ Fúráìdé. Èmi tí mo ti wa bọ́ọ̀sì tó ń rọ́pò tréènì rí, mo lè sọ fún yín pé kò sí èrò tó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Chesham fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ ni láyé àtijọ́: wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pọn bíà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Arthur Lasenby Liberty sí ní 1843, ọkùnrin tó dá ilé ìtajà Liberty sílẹ̀ ní Regent Street ní 1875. Ìyá Ìbejì, tí aṣọ kì í sú, dúró wo ojú pópó náà lọ́tùn-ún lósì. Ó ní òun rò pé ọmọ olówó Lọ́ńdọ̀nù ni ẹni náà. High Street ni kí ẹ ti ra omi, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti tọ̀, torí pé èmi ò rí ilé ìtura ìjọba kankan lójú ọ̀nà títí a fi dé òdìkejì. Máàkì kan ti lọ níbẹ̀ yẹn. Káfé kan tí mi ò ní dárúkọ sọ fún wa pé àfi ẹni tó bá ra nǹkan ló lè lo ilé ìtura. A ra tíì ife kan ṣoṣo, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lò ó.

Lẹ́yìn Waterside, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, gèètì tó wọ pápá ẹran á sì dé. Níbẹ̀ ni Àǹtí ti dúró.

"Oko olóko nìyí. Ta ló yọ̀ǹda fún wa?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ọfà yẹn."

Ọfà kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n kàn mọ́ òpó gèètì, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìyeyè fún ẹlẹ́sẹ̀, búlúù fún ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹlẹ́sẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí i, bó ṣe àárín oko ọkà ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ yín ni láti kọjá. Olóko ló ni ilẹ̀, kò ni ìrìn yín. Òfin ọdún 1949 ló ní kí àwọn káńsù ya irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sínú máàpù, ohun tó bá sì ti wọ máàpù yẹn, olóko ò lè dédé pa á rẹ́. Bó bá túlẹ̀ lórí ọ̀nà tó gba àárín oko rẹ̀ kọjá, ó ní ọjọ́ 14 láti tún un tẹ́ kí ẹsẹ̀ lè gbà á. Èmi tí mo dàgbà níbi tí wọ́n ti ń fi ààlè sẹ́nu ọ̀nà oko, tí ẹni tó bá rí i á yára yí padà, mo dúró ro ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Àǹtí ò rò ó. Ó ní, "Bí olóko bá jáde, ìwọ lo máa bá a sọ̀rọ̀ o."

Olóko ò jáde. Àwọn tó ń mú ajá rìn nìkan ló ń pàdé wa, gbogbo wọn ló sì ń kí wa. Èyí yà mí lẹ́nu ju òfin lọ. Àwọn òyìnbó kan náà tó ń wọ bọ́ọ̀sì mi láràárọ̀, tí wọ́n á tẹ káàdì, tí wọ́n á wo ọ̀run kọjá lára mi, bí wọ́n bá dé ojú ọ̀nà oko, ẹnu wọn á là. "Good morning" níhìn-ín, "lovely day" lọ́hùn-ún. Bàbá àgbàlagbà kan bi wá bóyá a ti sọnù. Ìyá Ìbejì dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín pé a ò sọnù, fàájì là ń ṣe. Bàbá náà dúró, ó tọ́ka ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ níwájú fún wa, ó sì ṣeun, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ lóòótọ́.

Gèètì wọn yẹn gba ẹ̀kọ́. Wọ́n fi igi tàbí irin ṣe ọgbà kékeré onígun, gèètì á wà láàrin rẹ̀, á máa lọ á máa bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣí tán. Ẹ máa tì í síwájú, ẹ wọ inú igun náà, ẹ fa gèètì kọjá ara yín, kí ẹ tó jáde lódì kejì. Mààlúù ò lè ṣe é, torí ara rẹ̀ gùn jù láti yí níbẹ̀. Àǹtí náà ò lè ṣe é, nítorí báàgì kúlà tó gbé kọ́ èjìká. Báàgì kọ́ mọ́ irin, gèètì fún un mọ́ igun, ó wà níbẹ̀ tó ń pe Jésù, àbúrò rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín dípò kó tú u sílẹ̀. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ bọ́ báàgì, kí ẹ gbé e kọjá lórí gèètì fún ẹni tó ṣáájú, kí ẹ tó wọlé. Ẹni tó bá sì ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ, kó má wulẹ̀ dán ọ̀nà yìí wò. Ọmọ tó ti lè rìn, tàbí ọmọ tí a pọ̀n, kò sí wàhálà.

Yàtọ̀ sí ọfà, ọ̀nà náà ní àmì tirẹ̀, àwòrán ẹja ni. Ní ti àmì, mo gbé òṣùbà fún wọn. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín, ẹja á wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máàpù, OS Explorer 172 ni yóò rà, kó sì gbé e dání, torí pé fóònù a máa sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nù nísàlẹ̀ àfonífojì.

Máìlì àkọ́kọ́ kò ju báyìí náà lọ: ẹ̀yìnkùlé, ilé ọlọ àtijọ́, ẹṣin nínú pápá. Bí ẹ bá rí i pé kò tíì wú yín lórí, ẹ fara balẹ̀. Láti Latimer títí dé Sarratt Bottom ni ọ̀nà ti ń dùn.

Latimer House wà lórí òkè, ilé bíríkì ńlá kan tí wọ́n tún kọ́ ní àwọn ọdún 1830 lẹ́yìn tí iná jó ti tẹ́lẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ni báyìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun Jámánì kan tí wọ́n mú lójú ogun sí, àwọn awakọ̀ òfurufú àti àwọn tó ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi. Wọ́n fi makirofóònù pamọ́ sínú yàrá wọn. Ní yàrá mìíràn, wọ́n kó àwọn tó gbédè Jámánì jókòó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Júù tó sá kúrò lọ́wọ́ Hitler, kí wọ́n máa gbọ́, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n á rò pé ọ̀rẹ́ òun nìkan lòun ń bá sọ̀rọ̀. Àǹtí gbé ojú sókè wo ilé náà, ó ní, "Ẹ ò rí i pé ògiri létí lóòótọ́."

Ẹ yà wọ abúlé Latimer fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Pápá kékeré kan wà láàrin àwọn ilé, òkúta ìrántí àwọn tó lọ ogun Boer ní South Africa wà níbẹ̀, ibojì ẹṣin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gágun ará Faransé kan tó ń jẹ́ de Villebois-Mareuil, tó jà fún àwọn Boer, àwọn òyìnbó South Africa tí Britain ń bá jagun, ló ń gun ẹṣin náà. Wọ́n pa ọ̀gágun yẹn ní Boshof ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 1900, ẹṣin rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́. Lord Chesham gbé ẹṣin náà wá sí England, nígbà tí ẹṣin náà sì kú ní 1911, ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ń gùn ún ni wọ́n sin síbẹ̀. Ìyá Ìbejì bi mí pé ẹran ìyókù ńkọ́. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ.

Ibojì tó mú wa dúró pẹ́ kò jìn síbẹ̀. Ẹ máa bá a létí ọ̀nà lẹ́yìn Latimer, nínú pápá gbalasa. William Liberty ló wà níbẹ̀, oníbíríkì ará Chorleywood, tó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1777 lẹ́ni ọdún 53. Alice aya rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. 1809 ni òun tó kú, lẹ́ni ọdún 82. Wọ́n kọ ọ́ sórí òkúta náà pé ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n sin òun sí apá ibẹ̀ nínú ilẹ̀ òun. Ìtàn tí àwọn ará àdúgbò ń sọ ni pé ó ń bẹ̀rù kí egungun rẹ̀ má dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ àjíǹde. Òyìnbó tó bá dé ibẹ̀ á mi orí, á ní irú èèyàn wo rèé, á ya fọ́tò. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò rí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Inú ọgbà ilé rẹ̀ ni bàbá mi wà títí di òní, bàbá tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó yọ bíríkì, tó fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀, tó ní kí wọ́n sin òun sórí rẹ̀: ta ni yóò wá tà á lẹ́yìn rẹ̀? Àǹtí ka àkọlé náà tán, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ilé o. Mọ̀mí, ẹ kú ilé. Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ká kọjá." Tọkọtaya kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa rò pé àwa la ni òkú náà, wọ́n dúró jìnnà díẹ̀ láti fún wa láyè.

Láti Chenies Bottom lọ, odò á sún mọ́ yín. Nǹkan bí igba odò irú èyí ló wà ní gbogbo àgbáyé, England ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn wà. Inú òkè ẹfun ni omi rẹ̀ ti ń sun jáde. Òjò tó rọ̀ á wọ inú ẹfun lọ, á rọra sẹ́ níbẹ̀, kó tó jáde lójú ìsun, ìdí nìyẹn tó fi mọ́ tó bẹ́ẹ̀, tí kì í sì í gbóná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ dúró lórí afárá kékeré èyíkéyìí, ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹja trout kan wà níbi tí a dúró sí, orí rẹ̀ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ó dúró sójú kan, ìrù nìkan ló ń mì. Òjìji rẹ̀ wà lórí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tótòtó ara rẹ̀ ṣeé kà. Bí koríko abẹ́ omi bá sún, òjìji á ṣáájú ẹja yí padà. Àǹtí bèèrè ohun tí gbogbo wa ń rò lọ́kàn: "Kò sẹ́ni tó ń mú wọn ni?" Ẹja ibẹ̀ lólówó, ìwọ̀ pípa gba ìwé àṣẹ, ẹ má ki ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn yín.

Omi mímọ́ yẹn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ o. Ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ẹ̀gbin Chesham wà lókè odò, bí òjò bá sì pọ̀ jù, èyí tí wọn ò tíì sẹ́ tán máa ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá lọ lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ omi ṣeré.

Ní Sarratt Bottom, ewé watercress ló sọ ibẹ̀ di olórúkọ. Nígbà kan, bẹ́ẹ̀dì ewé yìí pọ̀ káàkiri àfonífojì náà, omi ìsun tí kì í gbóná tí kì í dì ló fẹ́ràn, ojú irin ló sì ń gbé e lọ sí ọjà Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń ta lẹ́nu bí ẹni jẹ ata díẹ̀. Èyí tó kù tó ń hù fúnra rẹ̀ létí omi tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ roboto, ó ń dán. Àǹtí ti tẹ̀ ba, ó ti fa ìdì kan, ó ń sọ bí òun ṣe máa fi ẹ̀gúsí sè é. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà." Kòkòrò kan wà tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀ àgùntàn àti mààlúù, ẹ̀gbin wọn ló ń gbé ẹyin rẹ̀ dé inú omi, ibẹ̀ ló ti ń lẹ̀ mọ́ ewé yìí. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní tútù, ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ ló kàn. Nọ́ọ̀sì ni Àǹtí, ó mọ ọ̀rọ̀ náà jù mí lọ, ó kàn jẹ́ pé ojú ti wọ ẹ̀fọ́ ni. Ó jù ú sílẹ̀, ó ń ráhùn títí a fi jókòó jẹun.

Ẹ gbé oúnjẹ yín dání. Kò sí ṣọ́ọ̀bù láàrin ọ̀nà náà. Mọ́ínmọ́ín ewé àti ẹ̀kọ la gbé, wọn kì í dànù, wọn kì í fẹ́ ṣíbí, wọ́n sì dára ní tútù. Ẹ gbé ìdọ̀tí yín padà sílé pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ oúnjẹ gbígbóná lè gun òkè lọ sí Church End ní Sarratt, ilé ọtí tó ń se oúnjẹ wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross náà sì wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá. Ilé gogoro rẹ̀ ní òrùlé alápá méjì bí ilé gbígbé, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òkè náà ga díẹ̀, Àǹtí ní òun á dúró ti báàgì.

Lókè orí yín ní gbogbo ọ̀nà yìí, àṣá ni. Àṣá pupa, ìrù rẹ̀ là sí méjì. Wọ́n ti pa wọ́n tán ní England kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí, láàrin 1989 àti 1994 ni wọ́n gbé òmíràn wá láti Spain sí òkè Chiltern yìí. Wọ́n ti pọ̀ débi pé ẹ ò ní wò wọ́n mọ́ lẹ́yìn wákàtí kan.

Lẹ́yìn Sarratt Bottom, ẹ ti jẹ ẹran tán, egungun ló kù. Ẹ máa kọjá létí Chorleywood, níbi tí wọ́n ti dá ọgbọ́n búrẹ́dì yíyára ṣe sílẹ̀ ní 1961, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú búrẹ́dì tí wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ tà ní Britain. Àǹtí ní òun ti mọ ẹni tí òun máa bá wí. Lẹ́yìn náà ni M25, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá tó yí Lọ́ńdọ̀nù ká, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó létí yín. Ẹ máa gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i, ariwo náà ò sì ní tètè tán. Loudwater tó tẹ̀lé e, ilé olówó ló kún ibẹ̀, ọ̀dà ló wà nílẹ̀, àmì ẹja ò sì fojú hàn mọ́ láàrin wọn bó ṣe ń fojú hàn nínú oko. Máàkì kejì lọ níbẹ̀.

Ní ti ibi tí ènìyàn ti lè já kúrò, ibí ni ọ̀nà yìí ti gbà mí lọ́kàn jù. Bí ẹsẹ̀ bá dun ẹnìkan ní Latimer, kó kọjú sí òkè, kó rìn lọ sí ibùdókọ̀ Chalfont & Latimer. Bó bá jẹ́ ní Sarratt Bottom, kó lọ sí Chorleywood. Orí Metropolitan line kan náà ni méjèèjì wà. Fún ẹni tí kò rìn rí, ohun tí mo máa sọ ni pé kó sọ̀ ní Chalfont & Latimer, kó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Latimer, kó tẹ̀lé odò dé Sarratt Bottom, kó sì wọ tréènì ní Chorleywood. Gbogbo adùn ibẹ̀ ló máa jẹ, M25 àti Loudwater ò ní kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín tán, kó fi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà sílẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ àti ìsinmi.

Oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ló dára jù. Nígbà òtútù, ìsàlẹ̀ àfonífojì náà á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, omi a sì máa bo ojú ọ̀nà níbòmíràn. Bàtà kánfáàsì tí ẹ fi ń lọ ọjà kò lè gbà yín níbẹ̀, ẹ wọ èyí tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mààlúù á wà nínú pápá. Bí ẹ bá rí èyí tó ní ọmọ, ẹ yà fún un, ẹ má gba àárín òun àti ọmọ rẹ̀ kọjá. Gèètì tí ẹ bá ṣí, ẹ tì í.

Ní Rickmansworth, bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé yín, Aquadrome, ọgbà ìgbafẹ́ tó ní adágún, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò àfọwọ́gbẹ́ Grand Union. Kòtò tí wọ́n ti wa òkúta wẹ́wẹ́ fún kíkọ́ pápá ìṣeré Wembley àtijọ́ ló di adágún yẹn. Ilé ìtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tiwa kò gbé wa mọ́, ibùdókọ̀ la yà sí. Metropolitan line àti ọkọ̀ Chiltern tó ń lọ Marylebone ló ń dúró níbẹ̀, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé, Oyster kan náà ló gbà.